Sìmẹ́ǹtì inú egungun ẹ̀yìn: Bó ṣe ń rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, àti ohun tó yẹ kí aláìsàn bi dókítà kó tó gbà á

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn oníṣègùn kan ní Yunifásítì Yale, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine, ìròyìn náà sì ya àwọn tí kì í ṣe oníṣègùn pàápàá lẹ́nu. Ọkùnrin ẹni ọdún 56 kan ló wá sí ilé ìwòsàn pé ó ti di ọjọ́ méjì tí àyà ti ń dun òun, tí òun kò sì lè mí dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tó rún. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú àyà rẹ̀, wọ́n rí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ọkàn rẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Kíá ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pá sìmẹ́ǹtì tó ti gan ni wọ́n fà jáde níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, gígùn rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ó ti la ara ọkàn já ní apá ọ̀tún, ó sì ti gún ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún ọkàn náà rán, nígbà tó sì fi máa di oṣù kan, ara ọkùnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò tán.

Irú èyí ṣọ̀wọ́n gidigidi, a kò sì kọ ọ́ síbí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé ọ̀nà tí sìmẹ́ǹtì náà gbà dé inú ọkàn kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tí kì í sábàá mọ̀ ọ́n ni àwọn aláìsàn tó ń fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, àti àwọn ọmọ tó ń gbé ìyá tàbí bàbá wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí la fẹ́ pè ní sìmẹ́ǹtì yìí gan-an? Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé jáde láti Ewékorò o. Ike ni. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fún un ni polymethylmethacrylate, tí wọ́n ń gé kúrú sí PMMA. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Perspex, ìyẹn ike tó mọ́ gaara bíi dígí tí àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó máa ń lò. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe erìgì pupa tó wà lára eyín àtọwọ́dá. Ní tòótọ́, láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn egungun. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, John Charnley, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti fi lẹ oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá mọ́ egungun itan, iṣẹ́ náà sì wà títí di òní.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, ìyẹ̀fun kan àti omi kan ni wọ́n máa ń pò pọ̀. Òórùn omi náà máa ń gba gbogbo yàrá kan. Bí wọ́n bá ti pò ó, á kọ́kọ́ máa ṣàn, lẹ́yìn náà á wá ki bí ọṣẹ ìfọyín, kó tó pẹ́, á le bí òkúta. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń gbà, ooru sì máa ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń le. Nítorí pé ike kì í hàn nínú àwòrán X-ray, wọ́n máa ń po èròjà kan tó ní barium nínú mọ́ ọn, kí dókítà lè máa rí ibi tó ń gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé àkókò tó fi ń ki yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Ìlú Amiens, ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú sìmẹ́ǹtì yìí sínú egungun ẹ̀yìn nípasẹ̀ abẹ́rẹ́. Pierre Galibert àti Hervé Deramond ló ṣe é ní ọdún 1984. Kókó kan tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ti jẹ egungun kejì ní ọrùn obìnrin kan, ìrora rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kún àyè tí kókó náà jẹ, ìrora sì lọ. Ní 1987 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Vertebroplasty ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ní 1998, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ẹ̀yà kejì dé, èyí tí wọ́n pè ní kyphoplasty. Nínú ti kyphoplasty, wọ́n á kọ́kọ́ ti nǹkan kan wọ inú egungun náà, ohun náà dà bíi fèrè tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Wọ́n á fẹ́ ẹ kí ó lè la àyè sílẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, kí wọ́n tó tú sìmẹ́ǹtì sínú àyè náà.

Àwọn tó sábà máa ń nílò rẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà tí egungun wọn ti fúyẹ́, pàápàá àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Egungun wọn á dà bí afárá tí wọ́n ti fún oyin inú rẹ̀ tán. Ìyá lè bẹ̀rẹ̀ láti gbé korobá omi, tàbí kó kàn húkọ́ líle kan, kí ọ̀kan nínú egungun ẹ̀yìn rẹ̀ rún wọnú ara rẹ̀. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹlòmíràn kò ní lè yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí egungun bíi méjì mẹ́ta bá ti rún bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹni tó ga tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Àwọn tí jẹjẹrẹ ti jẹ egungun ẹ̀yìn wọn náà wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí fún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò gba kí wọ́n la ẹ̀yìn. Aláìsàn á da ojú bolẹ̀, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, dókítà á wá ki abẹ́rẹ́ gígùn tó nípọn gba ara ẹ̀yìn wọ inú egungun tó rún náà. Ẹ̀rọ X-ray tó ń fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n ni yóò máa wò bó ti ń tú sìmẹ́ǹtì náà sínú rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábàá ju ṣíbí tíì kan tàbí méjì lọ fún egungun kan. Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ìrọ̀rùn yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ kíákíá.

Ọ̀nà tí sìmẹ́ǹtì ń gbà jáde

Ẹni tó bá rí egungun ẹ̀yìn ẹran lórí igbá alápatà rí yóò rò pé líle ni látòkè délẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara òde rẹ̀ nìkan ló le. Inú rẹ̀ dà bíi kànìnkànìn tí a fi ń wẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, mùdùnmúdùn àti ẹ̀jẹ̀ ló sì kún inú àwọn ihò náà, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó ń gba inú àwọn iṣan kéékèèké jáde láti ẹ̀yìn egungun náà, ó sì ń bọ́ sínú ọ̀wọ́ àwọn iṣan tó so kọ́ra bí àwọ̀n yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká, láti ọrùn títí dé ìdí.

Àwọn iṣan tó para pọ̀ bí àwọ̀n yìí ní ìwà kan tó yàtọ̀. Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀, ohun kan wà tó ń ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀kùn, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ sókè padà sílẹ̀. Àwọn ti ẹ̀yìn kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìtì bá ti wá ni ẹ̀jẹ̀ inú wọn ń gbà. Oscar Batson, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé èyí ní 1940, nígbà tó ń wá ìdí tí jẹjẹrẹ prostate àwọn ọkùnrin fi máa ń dé egungun ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí jẹjẹrẹ lè gbà wọlé náà ni sìmẹ́ǹtì lè gbà jáde.

Ẹ wá fi ọkàn yàwòrán rẹ̀. Dókítà ń ti ohun tó ki bí ọṣẹ ìfọyín wọ inú kànìnkànìn tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ki dáadáa, á rọra tàn sínú àwọn ihò náà, á sì dúró níbẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ṣàn, tàbí tí ìtì náà bá pọ̀ jù, tàbí tí ẹnu abẹ́rẹ́ bá bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tààrà, yóò wá ibi tó rọrùn jù lọ láti gbà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló sì rọrùn jù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á bọ́ sínú àwọ̀n iṣan yẹn. Láti ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sínú àwọn iṣan ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ ara padà sí apá ọ̀tún ọkàn. Ọkàn kò mọ sìmẹ́ǹtì yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀. Yóò tì í síwájú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó sì ń tì í sí ni ẹ̀dọ̀fóró.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró, iṣan tó gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé ń pín sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀ka igi, títí tí yóò fi kéré ju okùn òwú lọ. Ó dà bí asẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á kọjá, sìmẹ́ǹtì kò ní lè kọjá. Ibi tí ọ̀nà bá ti há jù ú lọ ni yóò há sí, apá ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ kò sì ní rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́ bó ti yẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kékeré ló há sí ẹ̀ka kékeré, ara lè má mọ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ púpọ̀, tàbí tó há sí ẹnu ọ̀nà ńlá, ọkàn á máa tì láìrí ibi tì í sí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, èémí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n.

Ohun mìíràn tún wà tó ń mú ọ̀rọ̀ náà díjú. Bí sìmẹ́ǹtì ti ń wọ inú egungun, ó ń ti mùdùnmúdùn tó wà níbẹ̀ jáde, ọ̀rá inú mùdùnmúdùn náà sì lè gba ọ̀nà kan náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn tó ti dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ìrora ẹ̀yìn lè ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀, tí òun náà lè já, kó sì lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, bí èémí aláìsàn bá dédé wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, dókítà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọdún 1999 ni àwọn oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Faransé kọ ìròyìn nípa aláìsàn tí sìmẹ́ǹtì egungun ẹ̀yìn lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìròyìn mìíràn ti ń wọlé. Àjọ FDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe lọ́dọ̀ wa, fi ìkìlọ̀ síta ní Amẹ́ríkà ní 2002, wọ́n sì tún un sọ ní 2004, pé sìmẹ́ǹtì tó bá jò kúrò nínú egungun ẹ̀yìn lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn, ó sì lè ṣekú pa ènìyàn.

Mélòó ló ń ṣẹlẹ̀ sí? Àwọn onímọ̀ tó kó àwọn ìwádìí jọ ní 2009 sọ pé láàárín ìdá 3.5 sí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí fún nítorí egungun fúyẹ́fúyẹ́ ni sìmẹ́ǹtì máa ń dé ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín 3.5 àti 23, ó sì ní ìdí. Àwọn tó kàn ya X-ray lásán rí díẹ̀, àwọn tó lo ẹ̀rọ CT tó ń wo inú ara ní ẹ̀là-ẹ̀là rí púpọ̀. Ẹni tí kò bá wò ó, kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn wọ̀nyí ni kò mọ nǹkan kan lára; ẹyọ rẹ̀ kéré, ẹ̀dọ̀fóró sì tóbi. Àwọn díẹ̀ ni ó ń dà láàmú, àwọn díẹ̀ nínú díẹ̀ ni ó sì ń pa. Bí a ti rí i sí nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ti ìgbẹ̀yìn bo ti ìṣáájú mọ́lẹ̀, tàbí kó fi ti ìṣáájú bo ti ìgbẹ̀yìn.

Nígbà tí àwọn tó mọ̀ bá panu mọ́

Ìtàn kan wà tí kò yẹ kí a fò dá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe PMMA ni ti òun, sìmẹ́ǹtì mìíràn tí wọ́n fi èròjà calcium phosphate ṣe ni, Norian XR ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Norian ló ń ṣe é, abẹ́ iléeṣẹ́ Synthes, tó ní ọ́fíìsì ńlá ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni Norian sì wà nígbà náà. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó fún àwọn iṣẹ́ egungun kan, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà lára ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n má lò ó fún egungun ẹ̀yìn tó rún.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún iṣẹ́ tí a kìlọ̀ fún wọn yìí, wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò kan. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì náà mọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nínú ìgò, ẹ̀jẹ̀ náà dì. Wọ́n dán an wò lára ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ nílé ẹjọ́, iléeṣẹ́ náà kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ kan bí wọ́n ṣe lè lò ó fún egungun ẹ̀yìn, láìgba àṣẹ láti fi ènìyàn ṣe ìwádìí. Aláìsàn mẹ́ta ló kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2004.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, ìjọba gbé iléeṣẹ́ méjèèjì àti mẹ́rin nínú àwọn ọ̀gá wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n kì í ṣe ti ìpànìyàn, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ dájú pé sìmẹ́ǹtì náà ló pa àwọn aláìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ náà gbà pé àwọn jẹ̀bi títẹ òfin lójú, owó tí wọ́n san ní 2010 sì ju mílíọ̀nù 23 dọ́là lọ. Àwọn ọ̀gá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 2011, fún oṣù márùn-ún sí oṣù mẹ́sàn-án. Kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà kí ọ̀gá iléeṣẹ́ irinṣẹ́ ìṣègùn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan á sọ pé oṣù mẹ́sàn-án kéré. Èrò tiwa náà nìyẹn.

Ó tún yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí béèrè bóyá ó tiẹ̀ ń wo ìrora náà sàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ìwádìí méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú New England Journal of Medicine. Aláìsàn 131 ló wà nínú ọ̀kan, 78 ló wà nínú èkejì, tí wọ́n ṣe ní Australia. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì: wọ́n fi sìmẹ́ǹtì sí egungun apá kan, wọ́n sì ṣe bí ẹni tó ń fi í sí ti apá kejì. Àwọn apá kejì náà dojú bolẹ̀, wọ́n gba abẹ́rẹ́ apàrora, wọ́n tilẹ̀ ṣí ìgò sìmẹ́ǹtì nítòsí wọn kí òórùn rẹ̀ lè gba yàrá, kí wọ́n má bàa fura. Nígbà tó yá, ìrora dín kù lára apá méjèèjì, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn.

Ariyanjiyan tó tẹ̀ lé e kò tíì parí. Àwọn kan sọ pé egungun àwọn aláìsàn náà ti pẹ́ jù nílẹ̀ kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì sí i. Ní 2016, ìwádìí ẹni 120 láti Australia sọ pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn tí egungun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rún, tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní 2018, ìwádìí ẹni 180 láti ilẹ̀ Netherlands sọ pé kò yàtọ̀ sí ti àfarawé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ NICE, tó ń sọ ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ìjọba yóò máa ná owó lé, fọwọ́ sí i ní 2013 fún àwọn tí ìrora wọn le gan-an, tí egungun wọn kò pẹ́ tó rún, tí oògùn ìrora tó dára kò sì ran wọ́n lọ́wọ́. Ohun kan tí gbogbo wọn gbà ni pé ọ̀pọ̀ egungun ẹ̀yìn tó rún ni ìrora rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá kò ní ìdí láti kánjú dùbúlẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́.

Èwo ló kan àwa Yorùbá nínú rẹ̀? Ó kàn wá ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Jẹjẹrẹ kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn, multiple myeloma ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń jẹ egungun ẹ̀yìn títí yóò fi rún. Ní Amẹ́ríkà, ó fi nǹkan bí ìlọ́po méjì wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Houston tàbí London, àti àwọn òbí wọn tó wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, lè di ẹni tí dókítà sọ fún pé sìmẹ́ǹtì ni yóò mú ìrora ẹ̀yìn wọn lọ. Ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí fún irú àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ náà máa ń ṣe ìrànlọ́wọ́.

Nílé níhìn-ín, ohun mìíràn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń pè ní TB, kì í mọ sí àyà nìkan. Ó máa ń jẹ egungun ẹ̀yìn, òun ló sì wà nídìí iké ọ̀pọ̀ ọmọdé tí àwọn aládùúgbò ń wò bí àmúwá àjẹ́. Lójú X-ray, egungun tí TB jẹ lè jọ èyí tó kàn rún. A kì í fi sìmẹ́ǹtì sínú egungun tí kòkòrò àrùn ṣì ń jẹ. Oògùn TB, tí ẹni náà yóò máa lò fún ọ̀pọ̀ oṣù, ni ìtọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, bí ìrora ẹ̀yìn bá ń bá ibà alẹ́ àti rírù rìn, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo.

Kí ni kí ènìyàn bi dókítà?

Ìwé tí wọ́n ń gbé fún aláìsàn láti fọwọ́ sí máa ń gùn, ìrora kì í sì í jẹ́ kéèyàn kà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè díẹ̀ kò gba àkókò. Ẹ bi dókítà pé egungun mélòó ló fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ ju mẹ́ta lọ lọ́jọ́ kan, nítorí bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀. Ẹ béèrè bóyá ògiri ẹ̀yìn egungun náà ti là, torí ojú ibi tó là ni sìmẹ́ǹtì lè gbà jáde. Ẹ béèrè bóyá yóò máa wo ẹ̀rọ X-ray ní gbogbo ìgbà tó bá ń tú u, àti bóyá yóò dúró kí sìmẹ́ǹtì náà ki kó tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá rí i tí sìmẹ́ǹtì ń sún mọ́ ẹ̀yìn egungun, tàbí tí ó ń fà bí okùn kúrò níbi tó yẹ kó wà, ńṣe ni òun gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún béèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí èémí yín bá wọ́n. Ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ CT tàbí afẹ́fẹ́ oxygen nítòsí kì í ṣe ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, àwọn àmì tó yẹ kó mú ènìyàn sáré lọ sí ilé ìwòsàn ni kí èémí dédé wọ́n, kí àyà máa dun ni pàápàá nígbà tí a bá fà á símú, kí ọkàn máa lù kìkì, kí ènìyàn máa húkọ́ tàbí kí ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ikọ́, kí òòyì máa kọ́ ni tàbí kí ènìyàn dákú. Ó lè ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ó lè jẹ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀. Àwọn kan wà tí oṣù ti gorí oṣù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lára. Èyí ló fà á tí ó fi yẹ kí àwọn ará ilé sọ fún dókítà tó bá gbà wọ́n lálejò pé, "Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì sí ẹ̀yìn ìyá wa ní ọjọ́ báyìí." Dókítà pàjáwìrì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, àyà tó ń dunni sì ní ìdí tó pọ̀. Ó lè máa tọ́jú òtútù àyà nígbà tí sìmẹ́ǹtì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, ohun tí wọn yóò ṣe dúró lé bó ti tóbi tó àti ibi tó wà. Oògùn tí wọ́n fi ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kò lè yọ́ ike. Bí ó bá kéré, tí ara kò sì mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ń yọ aláìsàn lẹ́nu, wọ́n á fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi heparin lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó ṣeé gbé mì, fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì yí sìmẹ́ǹtì náà ká títí ara ògiri iṣan yóò fi bò ó. Àwọn tó há sí ọ̀nà ńlá tàbí tó wà nínú ọkàn nìkan ni wọ́n ń la àyà fún, tàbí kí wọ́n ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ fà á jáde. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, yóò máa hàn funfun báláú bí egungun nínú gbogbo X-ray àyà tí ẹni náà bá yà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí ó tọ́jú àwòrán ti àkọ́kọ́ pa mọ́, kí ó sì máa mú un dání lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà tuntun tó bá fẹ́ wò ó.